Ẹrù Orí-Òkè ní Ṣómólú

Kò sí òkè kan ní Ṣómólú àti Bàrígà tí ènìyàn lè nàka sí, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ títí ó fi dé etí ọ̀sà, níbi tí àwọn Ìlàjẹ apẹja tẹ̀dó sí. Síbẹ̀, ní gbogbo Èkó arómisálẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀, agbègbè tí ó mọ ẹrù orí-òkè í dì bí tiwọn kò pọ̀.

Ìjọ Aládùúrà, tí í gun òkè lọ gbàdúrà, ni ó kọ́ wọn. Ní 1925 ni Moses Orímọládé Túnọláṣe, ọmọ Ìkàrẹ́ tí òkè yí ká, àti Christianah Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n dá ẹgbẹ́ Séráfù sílẹ̀ ní Èkó. Ní oṣù kẹwàá 1928, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí í ṣe awakọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀nà ìjọba, gbọ́ ìpè Ọlọ́run ní Ìkẹ́jì-Arákẹ́jì, láàrin àwọn òkè ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Nígbà tí ó sì di 1937, Josiah Ọlúnówò Ọ̀ṣítẹ̀lú, tí ó ti dá Ìjọ Olúwa sílẹ̀ ní Ògèrè Rẹ́mọ ní 1930, bẹ̀rẹ̀ àpéjọ orí òkè Tabieorar, èyí tí ààwẹ̀ ọjọ́ 13 máa ń ṣáájú ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ tí í ṣe òpin rẹ̀. Ọ̀nà Ìkòròdú, tí ó gba ẹ̀gbẹ́ Ṣómólú kọjá, ni a ń tọ̀ lọ sí Ṣágámù àti Ògèrè kí a tó ṣí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978. Ẹnu ọ̀nà ilé wọn gan-an ni ìrìn àjò náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bákan náà ni àwọn Ìlàjẹ etí omi, tí àwọn ènìyàn wọn fi ìgbàgbọ́ yìí tẹ Ayétòrò dó sí etí òkun ní 1947, di agùnkè, àwọn tí wọn kò mọ̀ ju ọkọ̀ àti àjẹ̀ lọ.

Omi ni olórí ẹrù náà, nítorí omi kò lọ́tàá, àpáta kò sì ní kànga. Kẹ́ẹ̀gì ni àwọn ìyá fi ń pọn ọ́n gòkè, díẹ̀ fún mímu, èyí tí ó pọ̀ jù fún àdúrà. Ẹní tẹ̀lé e, àti aṣọ tí ó nípọn, torí òjò àti atẹ́gùn oṣù kẹjọ kì í wo ojú ẹni tí ń gbààwẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Bíbélì, ìwé orin, agogo, àbẹ́là, ìṣáná tí a fi ọ̀rá wé kí ó má baà rin, àti fìtílà tí tọ́ọ̀ṣì ti gba ipò rẹ̀ nísinsìnyí. Gàrí àti ẹ̀pà ń bẹ nísàlẹ̀ àpò fún ìgbà ìṣínu. Aṣọ funfun ni a ń tò sókè pátápátá kí ìdọ̀tí má kàn án.

Àwọn agùnkè ilẹ̀ Yúróòpù a máa kọ́kọ́ bèèrè bàtà. Àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà tí a kọ́ láti 1951 ní ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Man O'War Bay kò sì jẹ́ gun Òkè Kamẹrúùnù, tí ó ga ju 4,000 mítà lọ, láìwọ bàtà. Ṣùgbọ́n Aládùúrà bọ́ bàtà tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Mósè ti bọ́ ọ níwájú igbó tí ń jó, ó sì fi àtẹ́lẹsẹ̀ lásán tẹ òkúta tí oòrùn ti yan. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ìfaradà yìí wú mi lórí ju gbogbo ohun tí ń bẹ nínú àpò wọn lọ.

Ìmọ̀ ẹrù orí-òkè dídì ti wà kí ìjọ tó dé. Nígbà tí ogun lé àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ àpáta Olúmọ ní nǹkan bí 1830, àti ní gbogbo ìgbà tí àwọn ará Ìdánrè fi gbé orí àpáta wọn kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, oúnjẹ, omi àti iná ni ènìyàn ń wá kún ọwọ́.

Ohun tí ó ń dùn mí nísinsìnyí ni píọ̀ wọ́tà tí a ń rà ní ìsàlẹ̀ òkè, tí ọ̀rá rẹ̀ ń fọ́n ká sórí ilẹ̀ mímọ́, nítorí kò sẹ́ni tí í ju kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀: omi tí a ti gbàdúrà sí ni a fi ń gbé padà sí Ṣómólú, tí a óò bù fún aláìsàn, fún aboyún, àti fún aládùúgbò tí kò rí owó ọkọ̀ san.