Àwọn Khitan: Wúrà Wọn Wà, Èdè Wọn Kú

Ní òru ọjọ́ kan lẹ́nu iṣẹ́, mò ń tọ́jú bàbá arúgbó kan tó jẹ́ ará Rọ́ṣíà. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa Ṣáínà, ó sì ń pè é ní Kitai. Mo rò pé ó ṣì í pè ni, àṣé èmi ni mi ò mọ̀. Láti ara orúkọ ẹ̀yà kan tó ń jẹ́ Khitan ni àwọn ará Rọ́ṣíà ti mú orúkọ tí wọ́n ń pe Ṣáínà títí dòní.

Darandaran àti agẹṣin ni àwọn Khitan. Ní 907, Abaoji di olórí wọn. Ní 916, ó fi ara rẹ̀ jẹ olú ọba. Ìjọba náà, tí a mọ̀ sí Liao, gba ilẹ̀ Mòǹgólíà àti apá kan àríwá Ṣáínà. Òfin ìbílẹ̀ wọn ni wọ́n fi ń ṣàkóso àwọn darandaran, ti Ṣáínà ni wọ́n sì fi ń ṣàkóso àwọn àgbẹ̀. Ní 1004, ìyá ọba, Xiao Yanyan, bá àwọn ọmọ ogun lọ kojú ìjọba Song ní gúúsù. Àdéhùn ni wọ́n fi parí ogun náà ní 1005: Song gbà láti máa fún wọn ní ìgàn aṣọ ṣẹ́dà 200,000 lọ́dọọdún, pẹ̀lú fàdákà rẹpẹtẹ.

Iṣẹ́ ọnà wọn kò kéré. Ní 1986, wọ́n hú ibojì ọmọ ọba obìnrin kan tó kú ní 1018. Ìbòjú wúrà wà lójú òun àti ọkọ rẹ̀, àwọ̀n fàdákà sì bo ara wọn. Ilé gogoro onígi tí wọ́n kọ́ fún ẹ̀sìn Búdà ní Yingxian ní 1056 ṣì dúró dòní. Gíga rẹ̀ ju mítà 60 lọ.

Àwọn Khitan tún ṣẹ̀dá ọ̀nà ìkọ̀wé méjì fún èdè wọn. Èkíní jáde ní 920. Ṣùgbọ́n ní 1125, àwọn Jurchen ṣẹ́gun wọn. Àwọn kan sá lọ sí ìwọ̀ oòrùn, wọ́n dá ìjọba mìíràn sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì dópin ní 1218. Àwọn tó kù ń dà pọ̀ mọ́ ẹlòmíràn díẹ̀díẹ̀. Ní 1191, ọba Jurchen fòfin de ìwé Khitan. Lónìí, kò sí ẹni tó ń sọ èdè náà. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń wo òkúta tí wọ́n kọ ọ́ sí, apá kan péré ni wọ́n sì lè kà.

Ẹ̀yin òbí, ìwé nìkan kò lè gba èdè là. Ẹnu ọmọ ni èdè ń gbé. Bí mo bá fi Yorùbá pe ọmọ tèmi náà, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn. Nítorí náà, a ti fẹnu kò nílé wa pé nídìí oúnjẹ alẹ́, Yorùbá nìkan la ó máa sọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dán an wò nílé tiyín náà.