Ṣé ẹlẹ́wọ̀n tó wà lókè òkun lè wá ṣẹ̀wọ̀n rẹ̀ parí nílé? Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ rèé

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Ààrẹ Bola Tinubu rán ikọ̀ kan lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Yusuf Tuggar, tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè lásìkò náà, àti Lateef Fagbemi, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀, wà nínú wọn. Ohun tí wọ́n bá lọ ni pé kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ kí Ike Ekweremadu wá lo èyí tó kù nínú ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ̀.

Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń sọ pé ṣe ni wọ́n fẹ́ fi ọgbọ́n tú u sílẹ̀. Àwọn míì ní ṣé òun nìkan ni ọmọ wa tó wà lẹ́wọ̀n lọ́hùn-ún ni. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ bí ètò yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, ni mo bá ní kí n tò ó sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kí ni ètò yìí gan-an?

Wọ́n ti dájọ́ fún èèyàn nílẹ̀ òkèèrè, ó ti ń ṣẹ̀wọ̀n, wọ́n wá gbé e padà sí orílẹ̀-èdè rẹ̀ láti parí rẹ̀. Ìdáríjì kọ́ nìyẹn o. Kì í sì í ṣe kí wọ́n lé èèyàn kúrò nílùú, torí ẹni tí wọ́n lé lè dé Èkó kó gba ilé rẹ̀ lọ. Ẹni ti ètò yìí, ọgbà ẹ̀wọ̀n ló ń lọ tààrà.

Ibo ló ti bẹ̀rẹ̀?

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tiwọn lórí rẹ̀ ní 1984. Ní 1986, àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth fẹnu kò lórí ètò kan ní Harare. Nàìjíríà náà ṣe òfin tirẹ̀ ní 1988. Láyé ìgbà yẹn, ẹlẹ́wọ̀n fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n tó gbé e.

Ní oṣù Kíní ọdún 2014, Nàìjíríà àti Ìlú Ọba fọwọ́ sí àdéhùn tuntun: wọ́n lè gbé ẹlẹ́wọ̀n bó tilẹ̀ ní òun ò lọ. Ní 2018, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde pé àwọn yóò náwó tó súnmọ́ £700,000 láti kọ́ ilé tó ní bẹ́ẹ̀dì 112 sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Kírìkírì nítorí ètò yìí. Ìdí wọn ò le: ọgbà ẹ̀wọ̀n tiwọn ti kún.

Kí ni wọ́n máa ń wò?

- Ẹlẹ́wọ̀n náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ.
- Ẹjọ́ gbọ́dọ̀ ti parí pátápátá. Tó bá ṣì ní ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn nílẹ̀, kò tíì yá.
- Ohun tó ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin orílẹ̀-èdè méjèèjì.
- Ẹ̀wọ̀n tó kù gbọ́dọ̀ tó nǹkan. Nínú àdéhùn Strasbourg ti 1983, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò, ó kéré tán oṣù 6.
- Ìjọba méjèèjì gbọ́dọ̀ gbà.

Kí ló dé tí wọ́n kọ̀ fún Ekweremadu?

Ẹ̀wọ̀n ọdún 9 àti oṣù 8 ni adájọ́ Old Bailey dá fún un ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, lórí ọ̀dọ́kùnrin kan tí wọ́n mú wá láti Èkó kí wọ́n lè yọ kídìnrín rẹ̀. Ìwé ìròyìn Guardian ti Ìlú Ọba gbé e pé Nàìjíríà ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé yóò lo ẹ̀wọ̀n náà pé tó bá délé. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ìwé àdéhùn lásán ò tó. Tí wọn ò bá fọkàn tán wa pé ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n wa ń tì fún olówó bó ṣe ń tì fún tálákà, wọn ò ní fún wa.

Ṣé ire ni fún ẹlẹ́wọ̀n?

Ó sinmi lé e. Ìyá rẹ̀ á lè wá wò ó láìgba físà, ìyàwó á lè gbé oúnjẹ wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n wa kún, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nǹkan míì tún ni pé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ẹlẹ́wọ̀n kì í lo gbogbo ọdún tí wọ́n dá fún wọn nínú ọgbà. Tó bá débí, òfin ibí ló máa sọ ọjọ́ tó máa jáde. Ó lè pẹ́ jù bó ṣe rò lọ.

Tí ẹ bá ní èèyàn níbẹ̀ ńkọ́?

Ẹlẹ́wọ̀n ló máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà tó wà. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kàn sí iléeṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà níbẹ̀ àti iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ l'Ábújá, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà ìdájọ́ náà àti páspọ́ọ̀tù rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun á bá yín "gbé e wálé" tó sì ń gbowó, ẹ sá fún un. Lọ́yà lè bá yín kọ̀wé, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè ṣèlérí rẹ̀, torí kì í ṣe ẹ̀tọ́ ẹlẹ́wọ̀n. Ìjọba méjì ló ń pinnu rẹ̀.

Ekweremadu rí Ààrẹ tó rán mínísítà lọ bá a bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì kọ̀. Ọmọ mẹ̀kúnnù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ta ló máa rán níṣẹ́? Ìbéèrè tó yẹ ká máa bi àwọn tó wà l'Ábújá nìyẹn.