Àìlèwọlé sí Dátábéèsì: Ohun Tó Ń Fà Á àti Àtúnṣe Rẹ̀

Àìlèwọlé sí dátábéèsì jẹ́ ìṣòro tó máa ń mú kí ètò orí ìkànnì dáwọ́ iṣẹ́ dúró lójijì níbi tó ti fẹ́ mú ìsọfúnni jáde. Sáfà ni kọ̀ǹpútà tó ń gbé ojú-ewé ìkànnì fún ẹni tó bá béèrè, dátábéèsì sì ni àká tí wọ́n ń to ìsọfúnni sí, bí orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ tàbí máàkì ìdánwò. Láti Ọ̀wọ̀, níbi tí Rufus Giwa Polytechnic wà pẹ̀lú Achievers University, títí dé Ìfọ́n, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kan akẹ́kọ̀ọ́ àti oníṣòwò tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Èdè PHP, tí Rasmus Lerdorf gbé síta ní 1995, àti dátábéèsì MySQL, tó jáde láti Sweden ní ọdún kan náà, ni ọ̀pọ̀ ń lò pa pọ̀. Bí ìsopọ̀ wọn bá kùnà, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń sọ ìdí rẹ̀: 1045 ń fi hàn pé orúkọ tàbí ọ̀rọ̀ aṣínà kò tọ́, 1049, pé kò sí dátábéèsì tó ń jẹ́ orúkọ tí ètò náà pè, 1040, pé àwọn tó ti wọlé ti pé iye tí MySQL gbà, èyí tó jẹ́ 151 bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà, 2002 sì sábà máa ń túmọ̀ sí pé MySQL kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tàbí pé àdírẹ́sì tàbí pọ́ọ̀tù, tó jẹ́ 3306 láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ni wọ́n kọ ṣì.

Ètò àtijọ́ tó ń lo mysql_connect láti sopọ̀ mọ́ MySQL kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ láti ìgbà tí PHP 7.0 ti yọ ọ́ kúrò ní 2015, mysqli tàbí PDO ló sì rọ́pò rẹ̀. Láti PHP 8.1, tó jáde ní 2021, mysqli máa ń dá ètò dúró bí ìsopọ̀ bá kùnà, àfi bí ẹni tó kọ ètò bá ti pèsè sílẹ̀ fún irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Bí ojú-ewé bá sì funfun báláú, inú fáìlì tí sáfà ń kọ àṣìṣe sí ni ìdí rẹ̀ máa ń wà.

Iná mànàmáná tó ń lọ lójijì náà lè pa MySQL lẹ́nu iṣẹ́. InnoDB, apá MySQL tó ń tọ́jú ìsọfúnni, ní àkọsílẹ̀ tó fi ń tún ara rẹ̀ ṣe bí iná bá dé, nítorí náà, ewu ńlá ni kí ènìyàn fi ìkánjú pa fáìlì ibdata1 rẹ́, torí ìsọfúnni lè bá a lọ. Kí oníṣẹ́ kọ́kọ́ ka nọ́ńbà àṣìṣe, kó sì ṣe ẹ̀dà àká náà, kó tó fọwọ́ kan fáìlì kankan.