Láti Ìdí Giralda dé Òpópónà Conde Negro

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ìdí nìyẹn tí a fi wá afinimọ̀nà kan, obìnrin ọmọ bíbí ìlú Sevilla ní ilẹ̀ Sípéènì, pé kó mú wa fẹsẹ̀ rin ìlú náà. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹ wọ bàtà tó rọ̀ yín lẹ́sẹ̀ o. Ọkọ̀ ò lè wọ ibi tí à ń lọ."

Ìdí Giralda la ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí ló kọ́ ilé gogoro yìí ní ọ̀rúndún kejìlá, kí wọ́n lè máa pe ìrun láti orí rẹ̀. Nígbà tí ọba Fernando Kẹta gba ìlú náà lọ́dún 1248, wọ́n sọ mọ́ṣáláṣí di ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó yá, wọ́n wó o, wọ́n kọ́ kàtídírà ńlá sípò rẹ̀, wọ́n sì gbé agogo kọ́ sórí Giralda. Ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ 35 la gbà gòkè, ó fẹ̀ débi pé ẹlẹ́ṣin lè gbabẹ̀. Nínú kàtídírà, ère ọkùnrin mẹ́rin ló gbé pósí Columbus léjìká.

Fọ́tò la ṣì ń yà tí afinimọ̀nà wa fi pè wá síta. Ó dúró níbi àtẹ̀gùn tó yí kàtídírà ká, ó ní, "Ibí ni wọ́n ti ń ta ènìyàn." Kẹ́kẹ́ pa mọ́ wa lẹ́nu. Ibẹ̀ làwọn oníṣòwò ti ń pàdé láyé ìgbà yẹn, tí wọ́n ń ná ẹrú bí ẹní ń ná ewúrẹ́. Nínú ìkànìyàn ọdún 1565, nínú nǹkan bí 85,500 ènìyàn tó wà ní Sevilla, 6,327 ló jẹ́ ẹrú. Kì í ṣe gbogbo wọn ló dúdú, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n kó wá láti etíkun Senegal àti Guinea pọ̀ nínú wọn.

A gba Santa Cruz kọjá, àdúgbò àwọn Júù àtijọ́, níbi tí ọ̀nà ti há gádígádí. Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀ṣì Santa María la Blanca, ó ní sínágọ́gù ni tẹ́lẹ̀, títí di ọdún 1391 tí àwọn jàǹdùkú ya lu àwọn Júù, tí wọ́n pa wọ́n, tí wọ́n sì gba ilé ìsìn wọn.

Lẹ́yìn ibi tí odi ìlú wà tẹ́lẹ̀, a dé ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan ní òpópónà Recaredo. Ilé ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Los Negritos nìyẹn. Ní ìparí ọ̀rúndún kẹrìnlá, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Gonzalo de Mena dá ilé ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú, ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà ti ṣẹ̀. Lónìí, aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ náà. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà gan-an ni òpópónà Conde Negro wà. Juan de Valladolid ni wọ́n fi sọ ọ́, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí ọba Fernando àti ayaba Isabel fi ṣe adájọ́ àti olórí àwọn èèyàn dúdú Sevilla lọ́dún 1475. Òun ló ń parí ìjà wọn, òun ló sì ń bójú tó àríyá wọn.

Kí ló wá kan ọmọ Yorùbá níbẹ̀? Fernando Ortiz, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Cuba, fi hàn pé irú ẹgbẹ́ Sevilla wọ̀nyí ni àwọn Sípéènì gbé lọ sí Cuba, tí wọ́n ń pè é ní cabildo. Abẹ́ cabildo làwọn Lùkùmí, ìyẹn àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀, ti ń lu ìlù, tí wọ́n ń bọ òrìṣà, tí wọ́n ń sin òkú ara wọn. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀nà tí ìsìn wa gbà là níbẹ̀ kan ìlú yìí?

Afinimọ̀nà wa ní láti kékeré lòun ti ń gba òpópónà yẹn kọjá, àgbà ló sì dé sóun kí òun tó béèrè ẹni tí Conde Negro jẹ́. Àṣé kì í ṣe àlejò nìkan ló lójú tí kò fi ríran.