Ta Ló Bó Èèpo Kinamónì?

Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó ń ka Bíbélì, ẹ ti bá kinamónì pàdé rí. Nínú ìwé Ẹ́kísódù, orí 30, ó wà lára ohun tí Ọlọ́run ní kí Mósè fi ṣe òróró mímọ́. Láti kékeré lèmi náà ti ń gbọ́ orúkọ yìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n mo ti di baba ọmọ kí n tó mọ̀ pé èèpo igi ni. Ìlú òtútù ni mo ti mọ̀ ọ́n, ní orílẹ̀-èdè Swídìn, lọ́jọ́ kan nínú oṣù kìíní ọdún, tí yìnyín bo gbogbo ìgboro, tí ilẹ̀ sì ti ṣú kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Ìyá àgbà tí mo gba yàrá lọ́wọ́ rẹ̀ ló ní kí n jáde, kí n wá bá òun ṣe búrẹ́dì, nítorí òtútù kì í pa ẹni tó bá dúró ti ààrò. Ó da mílíìkì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti bọ́tà sínú ìyẹ̀fun, ó fi ìwúkàrà sí i, èmi ni mo pò ó títí apá fi ń ro mí. A fi aṣọ bò ó nítòsí iná kó lè wú. Lẹ́yìn náà, a tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí tábìlì, a fi bọ́tà ra á lára, a wọ́n ṣúgà àti kinamónì lílọ̀ sí i. A wá ká a bí ìgbà tí èèyàn ń ká ẹní, a sì gé e bí ẹni ń gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó fẹ́ fi dín dòdò. Kò pẹ́ tó wọ inú ààrò tí òórùn rẹ̀ fi gba gbogbo ilé kan. Ẹ gbọ́ ná, mo gbàgbé òtútù! Kanelbulle ni wọ́n ń pè é lédè wọn. Bí a ti ń fi kọfí jẹ ẹ́, mo bi màmá pé ibo ni wọ́n ti ń rí kinamónì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ń rà á."

Ìdáhùn yẹn ló gbé mi dé ìdí ìwé. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni pé ó ti pẹ́ tí ẹni tó ń jẹ kinamónì kò ti mọ ibi tó ti ń wá. Àwọn tó ń tà á ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí 2,400 ọdún sẹ́yìn, Herodotus, òpìtàn ará Gíríkì, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ẹyẹ ńláńlá kan ló ń fi igi kinamónì kọ́ ìtẹ́ sára àpáta gíga. Ó ní àwọn Lárúbáwá a gé ẹran ńláńlá sílẹ̀, àwọn ẹyẹ a gbé e lọ sókè, ìtẹ́ a wó, wọn a sì sáré ṣa igi náà. Pliny, ará Róòmù tó kú ní ọdún 79 lẹ́yìn ìbí Jésù, ló já wọn: ó ní wọ́n hun irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kí ọjà lè wọ́n ni. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ó bá a. Ti kinamónì yìí gbà tó 500 ọdún.

Erékùṣù tí a ń pè ní Sri Lanka lónìí, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Ceylon tẹ́lẹ̀, ni ilé kinamónì gidi. Ọwọ́ èèyàn ló sì ń ṣe é, kì í ṣe ẹyẹ. Wọ́n á gé ẹ̀ka tútù, wọ́n á ha èèpo òde dànù, wọ́n á fi ọ̀pá idẹ ra á títí èèpo inú yóò fi tú, wọ́n á wá fi ọ̀bẹ bó o. Bó bá ti ń gbẹ ni yóò máa ká ara rẹ̀ jọ bí ẹní.

Ní ọdún 1505 ni àwọn Potogí, àwọn kan náà tó sọ Èkó ní Lagos, gúnlẹ̀ síbẹ̀. Kinamónì wọ̀ wọ́n lójú. Àwọn ará Họ́lándì náà gbógun dé, nígbà tó fi máa di ọdún 1658, wọ́n ti lé Potogí lọ. Ìran kan wà níbẹ̀, Salagama lorúkọ wọn, tó jẹ́ pé bíbó èèpo yìí ni iṣẹ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe fún ìjọba. Wọ́n ń bu iye tó ń wúwo lé wọn lórí, àwọn mìíràn sì sá lọ sí ilẹ̀ ọba Kandy. Láàárín tiwa, ìwọ̀fà lè san gbèsè kó bọ́. Ti Salagama, ìbí ló so ó mọ́ wọn lọ́rùn. Láyé àwọn ará Họ́lándì, ẹni tó bá bó kinamónì tàbí tó tà á láìgbàṣẹ, ikú ni. Ṣé kó lè tó aráyé jẹ ni? Rárá o. Ní ọdún 1760, wọ́n dáná sun òkìtì rẹ̀ ní Amsterdam, kí owó rẹ̀ má baà wálẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì gba etíkun náà lọ́wọ́ wọn ní ọdún 1796, àwọn náà sì di ọjà náà mú. Ọdún 1832 ni wọ́n tó fòpin sí iṣẹ́ àfipáṣe yẹn. Ní 1833, wọ́n ṣí ọjà sílẹ̀. Nígbà yẹn, wọ́n ti ń gbìn ín níbòmíràn, kasíà ilẹ̀ Ṣáínà, tó jọ ọ́ tí kò sì wọ́n tó o, náà sì wà lọ́jà. Bí owó rẹ̀ ṣe wálẹ̀ nìyẹn.

Ní Swídìn pàápàá, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ìwọ̀n ni wọ́n fi ń bu ṣúgà fún ará ìlú. Lẹ́yìn ogun, láàárín ọdún 1920 sí 1930, ni kanelbulle bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, ó sì kọ́kọ́ wọ́n. Ó di lẹ́yìn ọdún 1950 kó tó di ohun tí gbogbo ilé ń ṣe. Láti ọdún 1999, wọ́n ya ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá sọ́tọ̀ fún un.

Èmi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ́ o. Èmi gan-an jẹ mẹ́rin lọ́jọ́ náà! Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà ṣí Bíbélì, mo rí ohun kan tí mo ti ń fò kọjá. Ìwé Ìfihàn, orí 18, ẹsẹ 13, ń ka ẹrù àwọn oníṣòwò Bábílónì lẹ́sẹẹsẹ. Kinamónì ló bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ náà. Ẹrú àti ọkàn ènìyàn ló parí rẹ̀. Àwọn èèyàn wa náà ti wà nínú irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rí: ọ̀pọ̀ Yorùbá ni wọ́n kó lọ sí Cuba, kí wọ́n lọ máa gé ìrèké tí wọ́n fi ń ṣe ṣúgà. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí àwa, ju ẹlòmíràn lọ, máa bèèrè. Ṣọ́ọ̀bù kọ́ ni orísun ohunkóhun. Ẹni tó bá ń jẹ adùn, kó rántí bi pé: ta ló bó o?