Iná ọkọ̀ nínú kùrukùru: ẹ wo ẹ̀yìn ọkọ̀ yín kí ẹ tó gbéra

Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, ọyẹ́ máa ń gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà wá bá wa. Ẹni tó bá kírun Àsùbá tán, tó gba ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, lè rí i pé ilẹ̀ ti mọ́, síbẹ̀ ọkọ̀ iwájú kò hàn. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í tan iná nírú àsìkò yìí, torí wọ́n gbà pé alẹ́ nìkan ni iná wà fún.

Bí ọyẹ́ bá ti dé, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, a máa kìlọ̀ pé kí awakọ̀ tan iná kó sì dín eré kù. Ìtanràn ₦2,000 ló wà nínú ìwé ẹ̀sùn wọn fún ẹ̀ṣẹ̀ tó jẹ mọ́ iná tàbí àmì ọkọ̀. Ní Britain, níbi tí ọ̀pọ̀ ẹbí wa ń gbé, òfin pa á láṣẹ pé bí awakọ̀ kò bá ríran ju nǹkan bíi 100 mítà lọ, dandan ni kó tan iná iwájú, ìbáà jẹ́ ọ̀sán gangan.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà nìyí. Láti ọdún 2011 ni àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù ti pàṣẹ pé kí àwọn irú ọkọ̀ tuntun máa ní iná ọ̀sán, ìyẹn iná funfun tó ń tàn fúnra rẹ̀ níwájú bí a bá ti ṣíná ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti di tòkunbọ̀ lọ́dọ̀ wa. Iná yìí kì í sábà tan tẹ̀yìn. Awakọ̀ á rí ìmọ́lẹ̀ níwájú, dáṣíbọọ̀dù á tàn, á rò pé gbogbo rẹ̀ ti pé, nígbà tí ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣókùnkùn. Tírélà tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní rí i títí yóò fi sún mọ́ ọn jù. Ẹ má gbára lé “Auto” náà: ìmọ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ló ń wò, kì í wo kùrukùru.

Yíyẹ̀ ẹ́ wò kò ná yín lówó. Lọ́sàn-án, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ ṣíná ọkọ̀ láìfọwọ́ kan iná, kí ẹnì kan dúró sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ kó sọ ohun tó rí. Lẹ́yìn náà, ẹ tan dímù, kó tún wò ó.

Dímù yìí náà ni kí ẹ tàn nínú kùrukùru. Fúlù á lu eruku, á sì padà sójú yín bí ògiri funfun. Pọ́íntà méjèèjì tí àwọn èèyàn wa ń tàn lórí ìrìn (a mọ̀ pé inú rere ni wọ́n fi ń ṣe é) ń da ẹni ẹ̀yìn láàmú: kò ní mọ̀ bóyá ọkọ̀ dúró ni tàbí ó fẹ́ yà.

Eré ńkọ́? Ọkọ̀ tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń rin nǹkan bíi mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ojú yín kò bá ríran ju mítà 50 lọ, kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì tí ẹ ó fi dé ibi tí ìríran yín mọ. Bí ọ̀nà kò bá hàn mọ́ rárá, ẹ rọra yà sí ilé epo. Ẹ má páàkì sí etí títì kí ẹ fi iná ẹ̀yìn sílẹ̀ ní títàn, torí ẹni tí kò ríran a máa tọ iná ẹ̀yìn tó bá rí níwájú rẹ̀.