Ààrò Gáàsì Ẹlẹ́sẹ̀ Pákó

Ẹni tó bá ń wá irú ààrò gáàsì tí wọ́n fi ń sun ẹran lẹ́yìnkùlé wọn nígbà tó wà lọ́mọdé, àpèjúwe ló máa fi wá a. Orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti pa rẹ́ lára rẹ̀, ìwé tó bá a wá ti sọ nù. Ohun tó kù lọ́kàn onítọ̀hún ni pákó ẹsẹ̀ rẹ̀, ìdérí tó wúwo, àti irin pẹrẹsẹ tí wọ́n ń dín ẹyin lé lórí lápá kan. Ọmọ Yorùbá tó dàgbà ní Houston lè rántí gbogbo èyí, àmọ́ tó bá fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ á há sí i lọ́fun. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ wà fún gbogbo rẹ̀, bí a bá fara balẹ̀ wo iṣẹ́ tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ń ṣe.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi igi bẹ̀rẹ̀. Bí a bá pè é ní ààrò gáàsì onígi, a ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Létí Yorùbá, ààrò onígi ni èyí tí a ń fi igi dáná, ẹni tó gbọ́ ọ yóò sì rò pé ó ń lo gáàsì, ó tún ń lo igi. Bẹ́ẹ̀, igi tí à ń wí yìí kò gbọdọ̀ sún mọ́ iná rárá. Òun ni ẹsẹ̀, òun náà ni tábìlì ẹ̀gbẹ́ tí a ń gbé abọ́ lé. Igi tí wọ́n ti là, tí wọ́n ti fá, pákó là ń pè é. Ààrò gáàsì ẹlẹ́sẹ̀ pákó ni, kò sì sẹ́ni tó máa wá igi ìdáná lọ.

Òkè rẹ̀ ló gba àròjinlẹ̀, nítorí ojú méjì ló ní. Lápá kan, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n tò, iná ń yọ láàárín wọn. Lápá kejì, irin kan tó nípọn ló bo iná mọ́lẹ̀ pátápátá. Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ kan náà pe iṣẹ́ méjèèjì. A máa ń sun iṣu, a máa ń sun àgbàdo: iná ń fọwọ́ kan ohun náà, ó sì ń jó o lára díẹ̀. A máa ń yan ẹ̀pà, a máa ń yan gàrí: ooru ló ń fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Àkàrà ní tirẹ̀, dídín ni, torí epo wà níbẹ̀. Nítorí náà, apá àkọ́kọ́ kò nira: irin ìsunran. Àwọn tó ń sun bọ̀ọ̀lì lẹ́bàá títì ń pe tiwọn ní wáyà, kò sì sóhun tó burú níbẹ̀, àmọ́ wáyà ti ní iṣẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ lọ́dọ̀ àwọn oníná mànàmáná.

Apá kejì ló le. Bí a bá pè é ní irin ìyan, ẹni tó ń dín ẹyin lórí rẹ̀ á bi wá léèrè. Bí a bá pè é ní irin ìdín, ẹni tó ń yan búrẹ́dì lórí rẹ̀ láìfi epo sí i ńkọ́? Ìrísí rẹ̀ ló yẹ ká wò. Àwọn obìnrin tó ń yan gàrí ti ní ohun èlò fífẹ̀ kan tí iná ń jó lábẹ́ rẹ̀, agbada lorúkọ rẹ̀. Ti ààrò yìí kò jìn, kò sì ní ikùn. Agbada pẹrẹsẹ ni.

Inú ààrò náà la ti ń dá irú rẹ̀ mọ̀. Ní 1985, ilé-iṣẹ́ Weber-Stephen ní Illinois, ní Amẹ́ríkà, gbé ààrò gáàsì Genesis jáde, tòun ti tábìlì pákó àti báńà mẹ́ta. Púpọ̀ nínú àwọn ààrò gáàsì ìgbà náà, títí kan àwọn ẹlẹ́sẹ̀ pákó tó wọ́pọ̀ ní Australia, tí ìdajì òkè wọn jẹ́ agbada pẹrẹsẹ, ló ń kó òkúta oníhò wẹ́wẹ́ sórí báńà kí ooru lè tàn káàkiri. Ẹni tó rí òkúta yẹn lè pè é ní yangí, wọ́n sì jọra lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkúta òkè oníná ni. Genesis kò ní òkúta. Irin tí wọ́n ká bí òrùlé ló wà níbẹ̀: ọ̀rá ẹran ń kán sórí rẹ̀, ó ń di èéfín, èéfín náà ń padà sára ẹran. Bí a ṣe rí asọ̀rọ̀mágbèsì àti amúlétutù, asọ̀rádèéfín ni mo pè é. Ẹ kà á sókè, ẹ ó gbọ́ iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́nu orúkọ rẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó yẹ ká bi ẹni tó ń wá ààrò ìgbà èwe rẹ̀ nìyẹn: òkúta ló wà nínú rẹ̀ ni, àbí asọ̀rádèéfín?

Gáàsì, sílíńdà, rẹgulétọ̀, báńà: ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀ bí ọjà ṣe ń pè wọ́n. Ẹni tó ń rọ gáàsì kò ní mọ orúkọ tuntun tí a bá gbé dé, àṣìgbọ́ nídìí gáàsì sì léwu. Súkúrúù òdì nìkan ni mo fẹ́ fi kún un, èyí tí wọ́n fi ń de sílíńdà àtijọ́ ní Amẹ́ríkà. Òsì là ń yí i sí kó tó le. Ibi tí gáàsì ti ń pàdé atẹ́gùn kó tó dé báńà, ọ̀fun báńà ni. Aláǹtakùn fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an. Bó bá ta okùn dí i, iná lè yọ síta sọ́dọ̀ ẹni tó ń tàn án, nítorí náà, ẹ gbá ọ̀fun náà mọ́ kí ẹ tó ṣáná sí ààrò tó ti pẹ́ nílẹ̀.

Ìwé ọ̀rọ̀ ìperí ti wà nílẹ̀ ṣáájú: Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti ìkejì rẹ̀ tí Ọládélé Awóbùlúyì bójú tó ní 1990, ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ni wọ́n kọjú sí, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Ó ku ti ilé ìdáná. Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá tí ẹ máa ṣe é, ẹ má jókòó sí ọ́fíìsì. Ẹ lọ bá àwọn wẹ́dà tó ń jó irin ìsunran, ẹ lọ bá àwọn tó ń yan gàrí, kí ẹ gbọ́ orúkọ tí wọ́n ń pe ohun èlò wọn kí ẹ tó ṣẹ̀dá ẹyọ kan.